Awọ Tí Yóò Jẹ́rìí

Bí mo bá ń wẹ ìwẹ̀ jánábà, ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé awọ ikùn mi sókè, bí ẹni tó ká etí ìró, kí n tó fi ọwọ́ ọ̀tún da omi sábẹ́ rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ dé gbogbo ara, títí kan ibi tó ṣẹ́ po. Kì í ṣe ọ̀rá mọ́, awọ lásán ni. Ọdún méjì ni mo fi kúrò ní kílò 131 bọ́ sí 78, lẹ́yìn tí dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ti dé ẹnu ọ̀nà.

Télọ̀ ni mí, n'Íbàdàn. Àwọn oníbàárà mi ò bá mi yọ̀ o. "Alhaja, ẹ mà rù! Ṣé kò sí nǹkan?" ni wọ́n ń wí. Nígbà tí mo bi dókítà nípa awọ náà, kò tíì ṣàlàyé tán tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yé mi: okùn tín-ín-rín wà nínú awọ tó ń fà á padà, bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Rọ́bà tó ti nà fún ogún ọdún, bí ẹ tú u sílẹ̀, ṣé á tún súnkì ni? Ìpara kankan ò ràn án. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọn á gé e láti ìbàdí kan dé èkejì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ààfáà wa lọ. Ó rán mi létí Súrà Nísáì, ẹsẹ 119, níbi tí Ṣàítánì ti lérí pé òun á máa pàṣẹ fún ọmọ ènìyàn kí wọ́n yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn ọkùnrin kan, Arfajah, tí wọ́n gé nímú lójú ogun. Ó fi fàdákà ṣe imú, imú náà ń rùn, Ànọ́bì sì ní kí ó fi wúrà ṣe é. Bẹ́ẹ̀ wọn ò fún ọkùnrin láyè àtilo wúrà. "Bó bá ń ni yín lára, ẹ gé e. Bó bá jẹ́ ti ẹwà nìkan, ẹ fi sílẹ̀."

Ó ń ni mí lára lóòótọ́. Nígbà ooru, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á máa yún mi, á bó. Àmọ́ ṣé ìyẹn ló ń pa mí lẹ́kún? Irọ́ ni. Ọjọ́ tí mo wọ bùbá léèsì tí mo rán fún ara tuntun, tí awọ apá mi ń fì nínú rẹ̀ bí apá agbádá, ọjọ́ yẹn ni mo sunkún. Àníyàn sì ni Ọlọ́hun ń wò.

Ohun tí n kò lè bi Ààfáà wà nínú Súrà Fusilat. Lọ́jọ́ Àjíǹde, etí, ojú àti awọ ni yóò jẹ́rìí. Awọ sì ni àwọn ènìyàn á bi pé kí ló dé tó fi takò wọ́n. Awọ ikùn yìí mọ iye àmàlà tí mo jẹ láàjìn. Bí wọ́n bá gé e, tí mo gbà á lọ́wọ́ dókítà, tí mo sin ín bí a ti ń sin ibi ọmọ, Ẹni tó ń kó egungun jọ á ṣáà rí i kó jọ. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ìbéèrè tó ń jí mi lóru ni pé: àbí ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́ pa lẹ́nu mọ́?

Mo ti ń tọ́jú owó. Ti ikùn ni wọn yóò gé, nítorí òun ló ń bó. Ti apá ò ṣe mí ní nǹkan kan ju ìtìjú lọ. Apá bùbá ni n ó rán kó gùn.