Gìrì Ọmọdé: Ta Ni Kí A Dá Lẹ́bi?



Ṣáájú Ààwẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ wa fẹ́ dá ìyàwó rẹ̀ padà sílé baba rẹ̀ ní Ọ̀ffà. Kí ni obìnrin náà ṣe? Gìrì mú àkọ́bí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún mú èkejì. Wọ́n ní ó wà nínú ìran obìnrin náà, pé ó mọ̀, ó sì fi pamọ́ kí wọ́n tó so yìgì.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Gìrì tí ibà ń fà máa ń rìn nínú ìdílé. Láti oṣù 6 sí ọdún 5 ló sábà máa ń mú ọmọ. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọmọ 2 sí 5 nínú 100 ló ń mú. Nínú àwọn tó bá mú lẹ́ẹ̀kan, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò tún mú. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Australia rí àyípadà nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní SCN1B, lára ìdílé ńlá kan tí gìrì ibà pọ̀ láàrin wọn. Àbùdá yìí wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí èròjà iyọ̀ ń gbà wọ inú iṣan ọpọlọ. Bí ẹnu ọ̀nà náà kò bá tì dáadáa, ooru ibà lè da iṣẹ́ ọpọlọ rú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kì í ṣe àbùdá kan ṣoṣo. Ohun kéékèèké púpọ̀ ni, òmíràn láti ọ̀dọ̀ baba, òmíràn láti ọ̀dọ̀ ìyá, tí ibà wá koná mọ́.

Ẹ rántí hádíìsì ará oko tó wà nínú Bùhárì. Ọkùnrin náà fura sí ìyàwó rẹ̀ nítorí pé ó bí ọmọ dúdú. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bi í ní àwọ̀ àwọn ràkúnmí rẹ̀. Ó ní pupa ni wọ́n. Ó bi í bóyá aláwọ̀ eérú wà láàrin wọn. Ó ní ó wà. Níbo ni èyí ti wá? Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dáhùn pé bóyá ìran kan ló fà á. Ànábì ní bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: Ànábì gbà pé ìran ń fa nǹkan. Ohun tí kò gbà ni kí a sọ ọ́ di ẹ̀sùn sí obìnrin lọ́rùn.

Ẹnì kan yóò ní: kò ha yẹ kí ó sọ ọ́ ṣáájú yìgì? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Gìrì ibà kò dà bí fòníkú-fọ̀ladìde. Èyí tó jẹ́ gìrì ibà lásán kì í ba ọpọlọ jẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti tó ọdún 6. Bí a bá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, fífi pamọ́ ni yóò pọ̀ sí i. Ìyá tó ń sá fún ẹ̀gàn yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ro ìtọ̀ màlúù sí ọmọ lẹ́nu, yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, dípò kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kí ó má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ó sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ní Òkè Ọya níbí, ibà ẹ̀fọn tó wọ ọpọlọ àti sankarau náà ń mú gìrì wá. Àwa tí a wà níhìn-ín ní ọdún 1996 kò lè gbàgbé sankarau. Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ nínú yàrá?

Ìyá ọkọ ló tú ọ̀rọ̀ náà ká nígbà tí wọ́n dé Ọ̀ffà. Ó ní ọmọ òun yìí gan-an, gìrì mú un lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó wọ iléèwé. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun.