Iná Àlejò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá fẹ́ ra sítóòfù kékeré, irú èyí tí arìnrìn-àjò ń kó sínú àpò ẹ̀yìn láti fi dáná lójú ọ̀nà, kí ni ẹ óò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á? Ẹlòmíràn á béèrè iye owó rẹ̀. Ẹlòmíràn á béèrè bóyá ó yá kánkán. Ní tèmi, bó ti wúwo tó ni mo béèrè. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí tán ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyẹn, tí mi ò sì bi ara mi.

Ìlú Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ni iṣẹ́ gbé mi lọ. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lórí òkè àti nínú igbó. Kò sí ẹni tó ń lé wọn, wọn kò sì lọ sóko. Ìgbádùn tiwọn nìyẹn. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1980 tí wọ́n ń pè ní West Highland Way. Láti Milngavie, lẹ́bàá Glasgow, títí dé Fort William, kìlómítà 154 gbáko ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, mo ní kí èmi náà dán an wò, èmi nìkan.

Ẹni tí yóò rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbé ilé, ẹní àti ilé ìdáná rẹ̀ sí. Nítorí náà ni mo ṣe fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ sítóòfù wò bí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó. Mo rí i pé oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni èyí tí ń lo kẹrosíìnì, tí a ń fi pọ́ǹpù fún epo rẹ̀ lágbára. Frans Wilhelm Lindqvist, ará Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, ló ṣe irú rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Primus ní ọdún 1892. Òun ni Roald Amundsen gbé dání nígbà tó dé òpin ayé níhà gúúsù ní ọdún 1911, òun náà ni wọ́n sì gbé gun òkè Everest ní ọdún 1953. Òtútù kì í dá a dúró, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń pariwo, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná gbóná orí rẹ̀ kó tó dá wa lóhùn. Èkejì ni ti sípíríìtì. Kì í pariwo, kò sì sí ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀, àmọ́ ooru inú sípíríìtì fi díẹ̀ lé ní ìdajì ti gáàsì tí wọ́n jọ wúwo bákan náà. Ẹ̀kẹta ni ti gáàsì inú agolo. A ó yí orí sítóòfù mọ́ agolo, a ó ṣáná sí i, ó parí.

Ti gáàsì ni mo mú. Orí sítóòfù náà kò wúwo tó 100 gíráàmù. Inú ife tíì ló ń gbé. Agolo tó wà níbẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì, èyí tó gba gáàsì 100 gíráàmù àti èyí tó gba 230. Mo mú bírò, mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì lítà omi kì í sábà jẹ ju gíráàmù 7 sí 10 lọ kó tó hó. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, 100 tó mi gẹ́lẹ́. Ṣebí àwọn àgbà ló ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́? Ọmọkùnrin tó ń tajà tiẹ̀ bi mí pé, "Ènìyàn mélòó lẹ fẹ́ máa dáná fún?" Mo ní, "Èmi nìkan." Ó ní, "Èyí kékeré á tó yín nígbà náà." Mo san owó, mo jáde, inú mi ń dùn pé mo gbọ́n.

Ní ojú ọ̀nà náà, wọ́n ní àwọn ilé òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bothy. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1965, Mountain Bothies Association, ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá tún dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jọ ni ín ni. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀kan tó wà ní Rowchoish, létí adágún Loch Lomond, ni mo sùn sí. Òjò ti rọ̀ láti ọ̀sán. Ibi ìdáná wà nínú ilé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo igi tó wà nítòsí ló ti tutù rinrin. Mo se oúnjẹ mi, mo jẹ ẹ́, mo sì gbé agolo mi mì. Ó ju ìdajì lọ dáadáa.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé, tí omi ń ro tótó lára wọn. Wọ́n yọ sítóòfù tiwọn, wọ́n ṣáná sí i. Iná náà jó ṣíún bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, ó sì kú. Wọ́n tún un ṣáná, ó tún kú. Mo wo ara agolo wọn, mo mọ ohun tó ṣe é. Gáàsì butane nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí òtútù bá ti sún mọ́ odo lórí òṣùwọ̀n, butane kì í fẹ́ kúrò ní omi kó di afẹ́fẹ́ mọ́, bí kò bá sì di afẹ́fẹ́, kò lè jó. Tèmi ní propane lára, èyí tí òtútù tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì kò lè dá dúró.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè fi sítóòfù yín se omi díẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú. Gáàsì tèmi náà ti fẹ́ẹ̀ tán."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó padà sí ìdí ẹrù rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, wọ́n ń gbọ̀n.

Ohun tó wá burú jùyẹn lọ rèé. Mo mọ oògùn àìsàn agolo wọn. Bí ènìyàn bá fi irú agolo bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀wù, kó móoru díẹ̀ láti ara ẹni, yóò jó. Ìmọ̀ yìí kò ní dín gíráàmù kan kù nínú gáàsì mi. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́, nítorí mo ń bẹ̀rù pé bí a bá dá ọ̀rọ̀ gáàsì sílẹ̀, ojú wọn á tún padà sórí agolo tèmi. Ẹ ò rí i pé ahun kì í dá wá? Ó máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání ni.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, bàbá àgbà kan wọlé. Àpò ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi bí àpò gààrí. Ó wo àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò béèrè ohunkóhun, ó gbé sítóòfù oníkẹrosíìnì kan jáde, onídẹ, tó ti gbó, tó ń dán síbẹ̀. Kó tó ṣáná, ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ó ní iná inú ilé pípadé ní èéfín olóró kan tí kò láwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Lẹ́yìn náà ló fún pọ́ǹpù. Nígbà tí sítóòfù náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ṣe ló dà bí ẹni pé mo wà nílé ìdáná ìyá mi ní Ìbàdàn. Bàbá gba agolo àwọn ọmọ náà, ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ láyà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná láé o." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tìrẹ ńkọ́?"

Kí n tó lanu, ọmọbìnrin náà ti bá mi fèsì. Ó ní, "Gáàsì tiwọn náà ti fẹ́ẹ̀ tán."

Bàbá ní, "Kò burú. Mú ife rẹ wá."

Mo mú ife mi wá. Nígbà tó fi máa di pé a mu tíì tán, sítóòfù àwọn ọmọ náà ti ń jó geere. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè ṣáná sí tèmi lójú wọn, àbí báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Bàbá tún fún mi ní tíì. Ìgbà tí mo fẹ́ lọ, ó gba fúláàsì mi, ó rọ omi gbígbóná kún un, ó ní kó máa bá mi dé ibi tí mo ti lè rí gáàsì rà. Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì tó kún, àti agolo gáàsì tó ju ìdajì lọ nínú àpò mi. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, mo dé Tyndrum, gáàsì wà lọ́jà níbẹ̀. Gíráàmù bíi mélòó kan tí ènìyàn lè fowó rà ni mo torí rẹ̀ di òpùrọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ọ̀dájú ni mí ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Nílé, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tọ̀ mí wá, yóò jẹun. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé lórí òkè ni mo ti yí padà?

Ẹ jẹ́ ká wo èdè wa. Bí àlejò bá yà sọ́dọ̀ wa tó ń kánjú àtilọ, a máa ń bi í pé, "Ṣé iná lo wá fọn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ ju sítóòfù lọ. Ní abúlé ìyá ìyá mi, bí iná bá kú sí ààrò ẹni, wọ́n á fún ọmọdé ní àpáàdì pé kó lọ fọnná wá nílé kejì. Kò sí ẹni tí í kọ̀. Kí ló fẹ́ kọ̀ sí? Bí ènìyàn ogún bá mú ẹ̀yín iná kọ̀ọ̀kan nínú ààrò, iná onílé ṣì ń jó. Ṣùgbọ́n iná inú agolo kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní nọ́ńbà lára. Ohun tí mo bá fún ọ, ó ti kúrò nínú tèmi nìyẹn. Ìwà ọ̀làwọ́ tí mo kọ́ nídìí ààrò, iná tí kì í dín kù ló kọ́ mi. Nígbà tí mo wá bá ara mi nídìí iná tó ní ìwọ̀n, mi ò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é mọ́. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé ìlú ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Omi wa ní ìwọ̀n, iná mànàmáná wa ní ìwọ̀n, àkókò wa náà ní ìwọ̀n.

Ẹnì kan lè sọ pé, "O jàre, ṣebí àwọn ọmọ yẹn ló yẹ kí wọ́n múra sílẹ̀?" Òótọ́ ni. Ẹni tó ń lọ sórí òkè nígbà òtútù, ó yẹ kó mọ irú gáàsì tó rù. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń fi ebi àti òtútù san. Ẹlòmíràn lè sọ pé bí gbogbo wa bá ń ru ti ẹlòmíràn mọ́ tiwa, ẹrù kò ní lópin. Òótọ́ nìyẹn náà. Ẹni tó di ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ẹrù fún ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi kò bú ẹni tó fẹ́ kí ẹrù òun fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ibi tí mo ti ṣẹ̀ kọ́ ni Rowchoish. Ìdí káńtà ni mo ti ṣẹ̀, nígbà tí mo ní "Èmi nìkan." Mo ti ṣírò gbogbo ayé kúrò nínú agolo mi kí n tó kúrò nílé. Nígbà tí àlejò wá dé, inú oúnjẹ ara mi ni oore ti fẹ́ jáde, òru ti lẹ̀, òtútù ń mú, ara ti rẹ̀ mí. Ta ni í yawọ́ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, bí kò bá ti pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìyá mi mọ èyí. Bó bá ń wọn èlùbọ́, yóò wọn ti gbogbo ẹnu tó wà nílé tán, yóò wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, á ní, "Ti àlejò nìyí." Bí àlejò dé, kò sí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ dín. Bí àlejò kò dé, àwa ọmọ a jẹ ẹ́ mọ́ tiwa. Mo rò nígbà náà pé inú rere lásán ni. Ìṣirò ni, ìṣirò tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ.

Lónìí, agolo 230 ni mo ń gbé. Bí mo bá gbé òun àti kékeré sórí òṣùwọ̀n, ohun tó fi wúwo jù ú lọ kò tó 200 gíráàmù. Mo tún fi ife kan lé e. Mi ò tíì rí àwọn ọmọ méjèèjì yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí bàbá náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì agolo ni mo ń gbé padà wálé, ìyàwó mi a sì máa bi mí pé, "Kí lẹ wá ń ru ẹrù yìí kiri fún, nígbà tẹ́ ò lò ó tán?"

Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ti àlejò ni."