Ta Ni Ó Ń Ṣe Mí?



Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bá bo ojú ọ̀sà láti CMS títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, tí èéfín ọkọ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọn, sísín kì í jẹ́ kí a gbọ́ ìwàásù mọ́. Ṣùgbọ́n fún àwọn kan nínú yín, àìsàn yìí kì í bá ọyẹ́ lọ. Imú a máa dí, iwájú orí a máa fọ́, ojú a máa wúwo, lọ́dọọdún. Nítorí pé kì í tètè pa ènìyàn, àwọn aládùúgbò a ní ọ̀fìnkìn lásán ni. Ẹni tí kò rí oorun sùn mọ̀ pé kì í ṣe lásán.

Níkẹyìn, ẹni náà a béèrè pé: "Fadá, mo ti gbàdúrà, mo ti gba ààwẹ̀. Ta ni ó ń ṣe mí?"

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn oníṣègùn wí. Ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń bá àrùn jà. Nínú àwọn kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a máa ka eruku ilé, tàbí ohun tí ń hù lára ògiri tútù, sí ọ̀tá. Wọn a gbógun tì í. Inú imú a wú, ojú àwọn ihò inú egungun ojú a dí, ikun imú a sì há síbẹ̀. Eruku kan náà wọ imú aládùúgbò, kò ṣe é ní nǹkan. Ìjà náà gan-an ni àìsàn.

Ọkàn wa pẹ̀lú a máa jà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọmọ tí kò kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mọ́, nítorí pé aríran kan ní ọwọ́ ìyá àgbà náà ni imú dídí ti wá. Dídá ènìyàn lẹ́bi láìní ẹ̀rí tàpá sí Òfin Kẹjọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ìkúnlẹ̀ ni a ti ṣe é.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nípa ẹ̀gún ara rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ni ó gbà, ẹ̀gún kò kúrò. Nígbà tí Tímótì ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́, kò wí fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, kò sì wá ọ̀tá fún un. Wáìnì díẹ̀ ni ó ní kí ó máa lò nítorí inú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ rí dókítà. Ní ti turari, ìlànà Mísà kò sọ ọ́ di dandan. Ẹni tí èéfín rẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sì ní ìyá àgbà kan tí kò kí mọ́, Ọjọ́ Ìsinmi ni òní, ilé wọn kò sì jìnnà.