Fìlà Ọmọ tí A Kò Tíì Bí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ kan ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ẹjọ́ náà kéré lójú. Fìlà kan ṣoṣo ni ó dá a sílẹ̀, fìlà tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni n kò ti rí i gbé kúrò lọ́kàn. Bí mo bá jókòó sí ilé ìkàwé tí mo ṣí ìwé síwájú, fìlà náà ni ojú mi ń rí.

Àdúgbò Ìlárè, nínú Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, ni mo ń gbé. Agbo ilé ńlá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wa sì ń lò. Ìyàwó ọmọ onílé wa, tí ó ní ìsọ̀ kékeré lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ó ti ń ta ọṣẹ, ìṣáná àti ṣúgà, wà nínú oyún oṣù keje. Obìnrin yìí kò mọ bí a ti í káwọ́ gbera. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ òwú: èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun, àti èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní kóróṣé, tí a ń fi abẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ṣe. Bí ó bá gbé ìrẹsì kaná, yóò fa òwú yọ láti inú àpò ọ̀rá. Bí kò bá sí oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, a máa dá wa lóhùn, a máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ìka rẹ̀ kò sinmi. A ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kà á sí àfojúdi. Ó ti hun aṣọ orí tábìlì, ó ti hun ìbòrí àga fún Bàbá onílé, ó tilẹ̀ hun àpò tí mo fi ń gbé ìwé lọ sí Yunifásítì. Kò sí ẹni tí ó bá a wí rí nítorí òwú, àfi ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí hun fìlà.

Wúùlù funfun ni. Ó ti hun ún dé ìdajì kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó fura. Màmá ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú agbada gààrí lọ́wọ́, ó dúró, ó wò ó títí, ó ní: "Ìyàwó, orí ta nìyẹn?"

Ìyàwó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, orí àlejò wa ni."

"Àlejò tí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà, ìwọ ti ń wọn orí rẹ̀? Jọ̀ọ́, gbé e pamọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn nìyẹn. Ìyàwó gbé e pamọ́ lójú Màmá, ṣùgbọ́n a rí i tí ó ń hun ún nínú yàrá lóru. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, agbo ilé ti pín sí méjì. Télọ̀ tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Màmá ni ó jàre. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ayé ti lajú. Wọ́n wá bi mí, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé, pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ṣe nǹkan sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì bí? Mo wú ikọ́, mo sọ pé màá rò ó wò. Ohun tí mo rò nìyí.

N óò kọ́kọ́ gba ẹjọ́ Màmá rò, nítorí ọmọdé ìsinsìnyí yára láti pe gbogbo ohun tí àgbà bá sọ ní ìgbàgbọ́ òfìfo. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí kò sọ ọ́ láti fi pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ wo orúkọ tí a ń jẹ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n, àní Kòsọ́kọ́ ń wí pé ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ti tán, kí ọmọ má lọ mọ́. Àwọn òbí tí nǹkan ti ṣe ni wọ́n sọ orúkọ wọ̀nyí, ìyẹn náà ni wọn kò sì fi jẹ́ kí a sọ ọmọ lórúkọ kí a tó bí i, àfi bí ọjọ́ kẹjọ bá pé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ewu náà ti kọjá, ìwádìí tí ìjọba ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, bí 39 ni kì í pé oṣù kan láyé. Màmá kò ka ìwé náà. Ó sin ọmọ mẹ́ta.

Èyí ni mo lọ bi í léèrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń bá a ṣa ẹ̀wà. Mo fi ọgbọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ náà o, nítorí kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń ṣí lójú àgbà. Mo ní: "Màmá, àwọn tí ó lọ nígbà náà, ṣé ẹ ti ṣe nǹkan sílẹ̀ dè wọ́n ni?"

Ó mi orí. "N kò dá aṣọ kan fún ìkankan nínú wọn. Ìró mi tí ó ti gbó ni mo fi gbà wọ́n."

"Síbẹ̀ wọ́n lọ."

"Síbẹ̀ wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, kò sí ohun tí ojú mi ń rí nínú ilé."

Ọ̀rọ̀ yìí yí ọkàn mi padà nípa Màmá. Mo ti rò pé ó ń bẹ̀rù pé fìlà yóò pa ọmọ, bí ẹni pé ìkà ayé lè tọpa òwú dé inú. Kì í ṣe èyí ni, tàbí kí n sọ pé kì í ṣe èyí nìkan. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Ó mọ bí ó ti rí kí a máa wo aṣọ kékeré tí kò rí ara wọ̀. Ọgbọ́n ni, ọgbọ́n tí a fi omijé rà.

Ṣùgbọ́n n óò bá ọgbọ́n náà jà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí fìlà wà fún. Bí a bá wọn ọmọ tuntun láti orí dé ẹsẹ̀, orí rẹ̀ nìkan kó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀. Ti àgbàlagbà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Inú ìgbóná ni ó ti ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ pẹ̀lú omi lára. Ibi tí orí náà tóbi tó yìí ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde. Nígbà tí oníṣègùn Edgar Rey ní ìlú Bogotá, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978 sí í jẹ́ kí àwọn ìyá gbé ọmọ tí kò tó oṣù sí àyà wọn, ara kan ara, nítorí pé ẹ̀rọ ìmúmọ́lọ́oru kò tó, fìlà wà lára ìwọ̀nba ohun tí wọ́n ń wọ̀ fún àwọn ọmọ náà. Oyún ìyàwó ilé wa yóò pé nínú ọyẹ́. Ẹni tí ó bá mọ òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí a ń gbé ọmọ olórí òfìfo jáde.

Ibi tí mo rí ìdí ọ̀rọ̀ nìyí. Bí a bá hun fìlà tí ọmọ kò sì dé, àwa àgbà ni ìbànújẹ́ náà yóò bá. Bí a kò bá hun ún tí ọmọ sì dé, orí ọmọ ni òtútù yóò mú. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò ru ẹrù yìí: ẹni tí ó ti gbọ́n, tí ó lè sunkún, tí àwọn ará ilé lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò lè béèrè aṣọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ gbogbo ni a ń pa òwe yìí fún ẹ̀yìn ọmọ àti ọ̀já. Ó yẹ kí a lè pa á nípa fìlà pẹ̀lú, nítorí orí ni òwe náà dárúkọ.

Télọ̀ wa ní ohun òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, pé ìyá wa kò hun fìlà wúùlù. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ wọ̀nyí bá àwọn oníwàásù dé. Anna Hinderer, tí ó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Ìwé tí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jáde ní 1872. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ wa ní híhun? Kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀ ni obìnrin ilẹ̀ yìí ti ń jókòó ti òfì tí a gbé dúró sára ògiri, tí ó ń hun kíjìpá láàárín oúnjẹ sísè àti ọmọ títọ́. (Télọ̀ náà ń fi ẹ̀rọ Singer ránṣọ, n kò sì gbọ́ kí ó pe ìyẹn ní ohun òyìnbó.)

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa láti ṣe nǹkan fún ẹni tí kò sí lójú. Yorùbá wà lára àwọn tí ń bí ìbejì jù lọ láyé, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì kú, àwọn baba wa a gbẹ́ ère sí i. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fún un lóúnjẹ, a máa so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, a tilẹ̀ máa wọ aṣọ fún un. Mo sọ èyí fún ìyàwó ilé wa. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìbejì, a jẹ́ pé kí òun hun fìlà kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ìyẹn sílẹ̀, ìjà kan tó.

Àdúrà kan wà tí a máa ń gbà fún aboyún, Onígbàgbọ́ ń gbà á, Mùsùlùmí ń gbà á, àwọn tí kò mọ ọ̀nà ojúbọ Ọbàtálá ní Ifẹ̀ yìí náà ń gbà á: kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá o. Ọnà ni àdúrà náà pe ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́. Ọbàtálá ń mọ imú, ó ń mọ etí, nínú òkùnkùn tí ojú kankan kò tó. Ó wá dà bí ẹni pé iṣẹ́ méjì ni ó ń lọ lórí àpótí ìjókòó kan ṣoṣo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, tí oníṣẹ́ òde kò sì mọ bí ti inú ti dé. Ǹjẹ́ ìgbéraga ni pé ó ń báṣẹ́ rìn pẹ̀lú rẹ̀? Bí ó bá ra súwẹ́tà ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ó ń ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ń sọ fún gbogbo ọjà pé ọkùnrin ni, màá sọ pé ó ti kọjá àyè rẹ̀. Orúkọ tí a bá ti pè kò ṣeé gbà padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a hun báyìí, bí a bá rí ìdí òwú rẹ̀ fà, yóò tú títí yóò fi padà di òwú. Aṣọ tí a gé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn èrò yìí púpọ̀, mo sì rò pé mo ti dá ẹjọ́ náà tán. Àfi ìgbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni oyún oṣù mẹ́jọ bọ́ lára rẹ̀. Ó ti hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè. Mo ti rò pé ó ti tú wọn tipẹ́, tàbí pé ó fi wọ́n tọrẹ, bí àwọn kan tilẹ̀ ń bẹ̀rù láti wọ irú rẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Mo wí fún un nípa ìjà ilé wa, mo sì sọ èrò mi nípa òwú tí ó lè tú. Ó gbọ́ ọ, kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó ṣí àpótí, ó gbé aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò, ó fi wọ́n hàn mí nísàlẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni.

Mo ní, "Fìlà ńkọ́?"

Ó ní, "Ó wọ̀ ọ́ lọ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ní fìlà. Èmi ni mo hun ún fún un."

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Màmá dúpẹ́ pé ohun kan kò ṣẹ́kù tí ojú òun yóò máa rí. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúpẹ́ pé ohun kan wà. Ọ̀fọ̀ kan náà ni ó ṣe àwọn méjèèjì. Èmi tí n kò bímọ rí, tí n kò sì lè bí, nítorí ọkùnrin ni mí, kò yẹ kí n jókòó sáàárín wọn kí n máa wọn ìbànújẹ́ bí ẹni wọn gààrí. Síbẹ̀, nítorí ọmọ tí ó ń bọ̀ nínú ọyẹ́, mo ṣì wà lẹ́yìn ìyàwó ilé wa.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyàwó náà sì ń bá a lọ láti máa hun nǹkan rẹ̀ nínú yàrá.

Ní alẹ́ àná, iná mànàmáná lọ, gbogbo wa sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó gbé fìlà jáde nítorí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ó kù díẹ̀ kí ó parí. Ìdì òwú bọ́ lórí itan rẹ̀, ó yí lọ síbi ẹsẹ̀ Màmá. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó ń ká òwú náà padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́ ìyàwó. Ó na ọwọ́, ó gba fìlà náà, ó ti ìkúùkù rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ṣé kò ní fún un lórí báyìí?"

Ìyàwó ní, "Ó máa ń fẹ̀, Màmá."