Ìgbádùn Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Bí ọkùnrin kan bá ra agbádá sányán, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó rà á fún. Bí ó bá ti ń gbé e lé èjìká, onílù yóò rí i, yóò sì sá tọ̀ ọ́ wá. Ìbátan tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ń dà láàmú yóò rí i. Alágbe ẹ̀bá ọ̀nà yóò rí i pẹ̀lú. Kí ó tó padà délé, díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àṣehàn ní ilẹ̀ wa, èmi kà á sí owó-orí tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Ẹni tí ó bá fi ọrọ̀ hàn ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tọrọ.

Kí ni a ó wá wí nípa balùwẹ̀? Èmi àti ìyàwó mi ń pète láti tún èyí tí ó wà lára yàrá ìbùsùn wa ní Ìbàdàn ṣe. A ti ya àwòrán rẹ̀: ṣáwà tí omi rẹ̀ yóò máa dà láti òkè bí òjò, ọpọ́n ìwẹ̀ gígùn, irú èyí tí ènìyàn ń nà gbalaja sí, táìlì láti ilẹ̀ dé àjà. Kò sí àlejò tí yóò dé ibẹ̀. Onílù kò ní rí i. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn, ìhòòhò ni a wà, kò sì sí ẹni tí a fẹ́ fi ohunkóhun hàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí sọ pé ìgbéraga gbáà ni. Mo dá a lóhùn pé ìgbéraga kò lè wà láìsí òǹwòran. Mo ṣì dúró lórí èsì yẹn. Ṣùgbọ́n bí ìgbádùn ìkọ̀kọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn ìgbéraga, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ìbá tọrọ nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kórìíra ìtura. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ilẹ̀ alápàáàdì tí a wú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n to àpáàdì ní ìnàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì fi òkúta wẹẹrẹ funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí àárín rẹ̀ ní ibòmíràn, kí ilẹ̀ àgbàlá lè dára lójú. Àwọn tí ó ṣe irú èyí fún ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, n kò rò pé wọn yóò bá mi jà nítorí táìlì.

Àwọn tí ó ka ìwé àwọn ará Róòmù nínú wa yóò rántí lẹ́tà tí Seneca kọ sí Lucilius láti ilé tí Scipio, ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun Hannibal ní ọdún 202 kí a tó bí Jésù, ti lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó wo balùwẹ̀ Scipio, ó rí i pé ó kéré, ó sì ṣókùnkùn. Ó wá fi í wé ti àwọn olówó ìgbà tirẹ̀, tí wọ́n ń ka ara wọn sí òtòṣì bí dígí ńlá kò bá tàn lára ògiri, tí omi kò sì gba ẹnu ẹ̀rọ fàdákà jáde. Ó ní ní ayé àtijọ́, apá àti ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ ti dọ̀tí sí ni wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ó di ọjọ́ ọjà kí wọ́n tó wẹ gbogbo ara.

Lẹ́tà náà dùn mọ́ mi púpọ̀, ni mo bá kà á fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ta ni ó ń pọnmi fún wọn?”

Mo ní ẹrú ni, àti pé Seneca fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn ọlọ́rọ̀ ńlá Róòmù.

Ó ní, “Ẹ ò rí i pé ó rọrùn fún un. Láti kékeré ni mo ti ń lọ sódò ní ìdájí kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń lọ, kí àmù tó kún. Gbogbo ilé á wẹ̀ tán, èyí tí ó bá ṣẹ́kù sí ìdí garawa ni èmi á fi wẹ̀. Bí mo bá wá fẹ́ jókòó sínú omi kí n tó kú, ṣé ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò rí èsì fún un, n kò sì gbà pé ẹ̀kọ́ ọgbọ́n-orí kan wà tí ó ní in. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì jẹ́ ìwà rere, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti yó ni a lè bẹ̀ pé kí ó rọra. Bí a bá wàásù rẹ̀ fún ẹni tí ó ru omi tí àwa fi wẹ̀, a tún ń rán an lódò lẹ́ẹ̀kejì ni.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò lè sé mọ́. Omi ni. Láti 1942 ni adágún Ẹlẹ́yẹlé ti wà, ṣùgbọ́n ìlú ti dàgbà jù ú lọ, kànga ẹ̀rọ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, títí kan tiwa. A ń sọ pé omi wa ni, nítorí pé àwa ni a sanwó fún àwọn tí ó gbẹ́ ẹ. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì mọ ibi tí ọgbà mi parí sí. Ọpọ́n tí ìyàwó mi yàn ń gba nǹkan bí 200 lítà, èyí jẹ́ garawa mẹ́wàá. Ṣáwà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́: ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà ti 1992 fi lé e kò ju nǹkan bí lítà 9.5 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó garawa márùn-ún. Garawa kan ni mo fi ń wẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ara mi sì ń mọ́.

Ní 28 Oṣù Keje, 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé omi tí ó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ̀tọ́ náà kò tíì dé àdúgbò wa. Ní àárọ̀, àwọn ọmọbìnrin ń kọjá lẹ́yìn ọgbà wa pẹ̀lú òṣùká lórí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ti ṣe nígbà tirẹ̀.

Òun náà ni ó sọ pé kí a kọ́kọ́ fa ẹ̀rọ omi kan sí ìta, kí ẹni tí ó bá fẹ́ máa pọn ọ́n láìsanwó. Inú ọ̀rẹ́ mi dùn nígbà tí ó gbọ́. Ó ní a ti san gbèsè ọpọ́n náà. Èmi kò gbà. Bí ọpọ́n náà bá burú, ẹ̀rọ ìta kò lè sọ ọ́ di rere. Bí kò bá sì burú, kò sí gbèsè kankan. Ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe ni pé yóò mú ìgbádùn wa jáde sí gbangba. Ní ọjọ́ tí omi bá dá ní ìta tí tiwa sì ń ṣàn nínú ilé, wọn yóò kan ilẹ̀kùn, wọn yóò sì ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò bá wa dá sí gbogbo àríyànjiyàn yìí. Kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá etí ọpọ́n, nítorí náà mo ti ní kí ilẹ̀ ìdí ṣáwà tẹ́jú, kí a sì kan irin tí yóò máa dì mú mọ́ ògiri. Púlọ́ńbà ní irin náà kò ní jẹ́ kí ó dùn ún wò. Ìyá mi ní àpótí ìjókòó àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni òun ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ epo ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ó ń fa omi gòkè. Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ ìta gbọ́dọ̀ máa ṣàn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí a kọ́kọ́ ṣírò iye tí yóò máa ná wa lọ́sẹ̀ kan. Púlọ́ńbà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá táǹkì kan náà ni yóò máa fún inú àti ìta lómi, tàbí kí òun gbé méjì kalẹ̀.