Àfọwọ́fà, Orí àti Ẹni Tí Ń Tú Iṣẹ́ Ara Rẹ̀ Ká

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn àgbà ilẹ̀ wa ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan: nígbà tí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọwọ́, ẹsẹ̀ àti làákàyè pípé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú iṣẹ́ ara rẹ̀ ká nígbà tí èrè rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé orí rẹ̀ ni kí a dá lẹ́bi, tàbí àwọn ọmọ aráyé, tàbí òun fúnra rẹ̀? Mo gbà pé àkúnlẹ̀yàn wà, mo sì gbà pé ayé lè ṣe ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ya àfọwọ́fà sọ́tọ̀ lásán, nítorí wọ́n ti rí i pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún àti Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn, nínú ìpínlẹ̀ tí kòkó rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kòkó mọ̀ pé ọjọ́ tí a fọ́ ọ kọ́ ni iṣẹ́ parí. A ó kó hóró rẹ̀ tútù jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, a ó máa yí i po kí ooru lè kárí, omi rẹ̀ yóò máa ṣàn, òórùn kíkan yóò máa yọ. Lẹ́yìn náà ni a ó sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ó máa fi ọwọ́ rú u, tí àwọn ọmọ yóò sì máa ṣọ́ ojú ọ̀run nítorí òjò. Nígbà tó bá dé iwájú àwọn alábẹ̀wò tí ń yẹ kòkó wò, wọn a ka 300 hóró, wọn a fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì: hóró tí ooru mú dáadáa a dúdú mọ́ pupa, èyí tí ooru kò mú tó a ní àwọ̀ eérú, èyí tí kò gbẹ a bu.

Irú àgbẹ̀ kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Oko rẹ̀ mọ́, igi rẹ̀ so jìnnìjìnnì. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó bá lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ ewé, ara rẹ̀ kì í gbà á mọ́: yóò ṣí i, yóò sá a fún ọjọ́ méjì, yóò sì tà á ní tútù fún ẹni tí ń ra kòkó kiri abúlé, ní iye tí kò tó nǹkan. N kò sọ ti ẹni tí gbèsè tàbí àìsàn ọmọ ká mọ́; ipá ni ayé lò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì lẹ́bi lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí oúnjẹ wà nílé rẹ̀, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, òun ni mò ń wí. Kì í ṣe ìmọ̀ ló wọ́n ọn, nítorí ilé-ìwádìí kòkó ní ẹ̀ka ní Ọ̀wẹnà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Àìsàn yìí a sì máa ran odindi orílẹ̀-èdè: lẹ́yìn tí ìjọba tú àjọ tí ń ra kòkó ká ní ọdún 1986, ẹnikẹ́ni tó ní owó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ra kòkó láìbìkítà bóyá ó gbẹ, títí kòkó Nàìjíríà fi pàdánù orúkọ rere rẹ̀ lọ́jà àgbáyé.

Kí ló fà á tí ẹni tí kò ṣaláìní fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Steven Berglas àti Edward Jones, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò. Ìbéèrè tí àwọn kan gbà kò ní ìdáhùn rárá, síbẹ̀ wọ́n yìn wọ́n pé wọ́n ṣe dáadáa. Kí ìdánwò kejì tó dé, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yan ọ̀kan nínú oògùn méjì, ọ̀kan tí wọ́n ní yóò mú ọpọlọ jí pépé, èkejì tí wọ́n ní yóò mú un wúwo. Àwọn tó gba ìyìn tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, pàápàá àwọn ọkùnrin, ló yan èyí tí ń ba ọpọlọ jẹ́ jù, nítorí bí wọ́n bá kùnà, oògùn ni yóò ru ẹ̀bi. Bákan náà, ọ̀bẹ alábẹ̀wò ni àgbẹ̀ wa ń sá fún: bí ó bá ṣe gbogbo ohun tó yẹ tí hóró rẹ̀ kò sì dára, òun ni wọ́n dá lẹ́jọ́; bí ó bá tà á ní tútù, ọjà ni kò dára.

Ifá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ògúndá Méjì ni a ti gbọ́ ti Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n ń lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yára lọ, wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n lójú, òjò sì wó o lórí wọn bí wọ́n ti ń bọ̀ wáyé. Àfùwàpẹ́ dúró lọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó lọ́wọ́, àwọn wọ̀nyí ló sì là á lọ́nà títí Àjàlá fi bá a ṣa orí tó jinná. Lójú tèmi, kí wọ́n tó dé ilé Àjàlá ni ìyàtọ̀ ti wọlé: ẹni tó lè dúró gba orí rere, ẹni tí kò lè dúró gba orí tí òjò ń wó. Orí burúkú kì í wú túúlú, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwà ti wà níbi tí a ti ń yan orí. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dún ní Oǹdó láti ayé ajíhìnrere Charles Phillips tó dé ìlú náà ní 1877, sunkún ọ̀ràn yìí kan náà sí àwọn ará Róòmù, pé rere tí òun fẹ́ kọ́ ni òun ń ṣe, kò sì dárúkọ ọ̀tá kankan lóde ara rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ̀jẹ́ ńlá kò tún un ṣe. Ẹni tó búra ní alẹ́ Ọdún Tuntun pé láéláé òun kò ní ta kòkó tútù mọ́, bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́ lójú ara rẹ̀, ìtìjú náà á sì tì í padà sínú àṣà àtijọ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn ní 1999 pé ẹni tó pinnu ìgbà àti ibi tí òun yóò ti ṣe nǹkan a máa ṣe é ju ẹni tó ní èrò rere lásán lọ. Àwọn baba wa ti fi àáró ṣe é rí: ọjọ́ oko tèmi hàn, ọjọ́ tìrẹ hàn, ojú a sì máa ti ẹni tí kò yọjú. Kí àgbẹ̀ náà sọ fún aya rẹ̀ lójú àwọn ọmọ pé ọjọ́ kẹfà ni a ó ṣí kòkó yìí. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá bá a yí i po lọ́jọ́ kẹta gan-an tí ara ń ni ín. Kí ó sì dúró wò ó bí alábẹ̀wò ti ń la hóró.

Àwa tí a yí i ká náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí ó bá tún tà á ní tútù, kí a má pè é ní olórí burúkú, nítorí àwáwí tó ń wá kiri gan-an nìyẹn. Kí a bi í pé ọjọ́ wo ni yóò fọ́ èyí tó kù lórí igi, kí a sì bá a lọ.