Láàárín Àjẹyó àti Ebi

Bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ Adó-Èkìtì, bó ti wà nínú ilẹ̀ káàkiri ayé, tí ìwà rẹ̀ ń gbà mí lọ́kàn. Bacillus subtilis lorúkọ rẹ̀. Ó mọ bí a ti ń ṣe amylase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, aṣọ àti ọṣẹ ìfọṣọ ló ń wá a. Síbẹ̀, bí a bá fún bakitéríà yìí ní glúkóòsì ní àjẹyó, amylase tó máa ṣe kò ní tó nǹkan. Ta ní í pọ́n ọ̀bẹ nígbà tí wọ́n ti gé ẹran síwájú rẹ̀?

Ṣé ká jẹ́ kí ebi pa á ni? Ó máa ń yá wa lẹ́nu láti sọ pé ìyà ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Bakitéríà yìí kò jẹ́rìí sí i. Bí oúnjẹ bá tán pátápátá, á ká ara rẹ̀ kò sínú èèpo líle kan, á sì sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ kò sí nínú àjẹyó, kò sì sí nínú ebi. Ibi tí oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n tí olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ gé e fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú ilé ìwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSU) àti láwọn yunifásítì wa yòókù. Wọ́n á gbé èèpo iṣu tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ síwájú rẹ̀. Wọ́n á fi èérí ìrẹsì kún un, nítorí purotéènì ni ẹ́ńsáìmù, sítáàṣì nìkan kò sì tó láti fi ṣe é. Wọ́n á máa mi ìgò kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, wọ́n á wọn bó ti kan tó, wọ́n á dán ooru 30, 37 àti 45°C wò. Wọ́n á ṣọ́ àkókò, torí bó bá pẹ́ jù, protease, ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì, tí bakitéríà náà ń ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ amylase run. Bakitéríà kan náà ni. Ibùgbé rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe irú ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́. Bacillus yìí ló ń sọ irúgbá sísè di irú. Wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi àpò wé e kí ooru má bàa jáde, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Irú ìmọ̀ ilé báyìí ni Jokichi Takamine, ọmọ Japan, gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Ó gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, Aspergillus oryzae, tí wọ́n fi ń pọn ọtí ìrẹsì nílẹ̀ rẹ̀, sórí èérí àlìkámà, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1894. Ẹ́ńsáìmù ibẹ̀ di oògùn inú lọ́jà.

Mo wá ń bi ara mi léèrè ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ láti ṣe ẹ́ńsáìmù tiwa. Ẹ́ńsáìmù òkè òkun tí àwọn ilé-iṣẹ́ wa ń rà ni glúkóòsì tiwa. Iná mànàmáná tó ń lọ lóru, tí ohun tí wọ́n gbé sí 37°C fi ń tutù, ìyẹn ni ebi tó ń mú kí ọ̀dọ́ onímọ̀ sùn. N kò gbà pé ọmọ Èkìtì yóò ṣe é bí ìyà bá jẹ ẹ́ tó. Kí a gbé iṣẹ́ síwájú rẹ̀: ilé búrẹ́dì kan ní Adó tó ní òun fẹ́ ra amylase, èèpo tí àwọn tó ń ṣe gàárì ń dà nù, iná tí kì í ṣẹ́jú fún ọjọ́ mẹ́ta. Pípèsè nǹkan wọ̀nyí fún un ni iṣẹ́ àwa àgbà.